Ike Ni Àbí Igi: Bí Tàwàkálítù Ṣe Yan Bátírì

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Alhaji Tàjúdínì fi ẹ̀yìn rìn gun bátírì Tàwàkálítù, ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣì wà lójú agbo, ó ń jó. Àgbàlá kan ní àdúgbò Broukro nílùú Bouaké ni, ọmọ Alhaji fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣègbéyàwó. Dírẹ́bà tó fi ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kó àga wá ti jẹ ìrẹsì yó bámúbámú, oorun ń kùn ún, ó sì dá a lójú pé iwájú ni òun ń lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ òùngbẹ tó gbé Tàwàkálítù dìde lọ sídìí omi. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ìlù tó ti ń lù láti ọdún mọ́kànlá ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ìyá àgbà jókòó lé.

Gbogbo ènìyàn pariwo. Alhaji sáré jáde, agbádá ń já bọ́ léjìká rẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó wo ìlù, ó wá kọjú sí dírẹ́bà.

"Táyà ńkọ́? Ṣé kò bẹ́?"

"Kò bẹ́, Alhaji."

"Alihamudulilai."

Ìgbà yẹn ló tó rí ojú Tàwàkálítù. Obìnrin náà ò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn mú ọ̀pá ìlù méjèèjì dání, ó ń wo orí Alhaji tó ń dán gbinrin nínú oòrùn, bí ẹni tó ń wo ohun tó kàn tó máa lù. Alhaji tètè dé fìlà.

"Ìyá Azeezah, ẹ má bínú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Sàbítù ní Belleville, kí ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀. Èmi ni màá rà á."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ bátírì, ìlù òyìnbó ni, bíi ìlù márùn-ún tí wọ́n tò yí ènìyàn kan ṣoṣo ká, pẹ̀lú àwọn àwo idẹ lókè. Onílù á jókòó sáàárín, á máa fi ọwọ́ méjèèjì lu tòkè, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gún iyán, tó ń lọ ata, tó tún ń lé adìyẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tàwàkálítù ti ń ṣe é, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta báyìí.

Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n kúrò ní Kumasi lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé lòun ń lọ tààrà. Ó dé Bouaké, ó ní kí òun sinmi díẹ̀. Ìsinmi náà ò tíì parí tó fi kú. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù abọ́ sí ọjà ńlá, abọ́ irin ló kọ́kọ́ ń tà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí bàsíà àti báàfù oníke. Orí àwọn bàsíà tí wọ́n dojú wọn dé yìí ni Tàwàkálítù ti kọ́ ìlù. Kí oníbàárà tó dé, á ti lu gbogbo ọjà wò. Àwọn Diúlà, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ náà, tó wà nítòsí a máa pè é ní "Ànàgó tó ń na abọ́."

Ilé ọtí kan wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ahougnansou nígbà náà, àwọn eléré sì máa ń ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ibà dá onílù wọn, ọmọ ẹ̀yà Baoulé kan tó ń jẹ́ Kouamé, dùbúlẹ̀. Tàwàkálítù fo ògiri, ó jókòó sídìí bátírì, kò sì dìde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá rẹ̀ wá fà á létí jáde.

"Ìwọ ọmọ Mùsùlùmí, ìwọ obìnrin, ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé ìkankan, Bàbá. Ìlù yẹn ni kò béèrè."

Ó gba ìgbátí fún ìdáhùn yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún fo ògiri.

Ẹgbẹ́ eléré tó wà nínú rẹ̀ báyìí, Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn, Sùlè ni, olórí ẹgbẹ́, tó ń kọrin, tó ń ta gìtá, tó sì ń tún fóònù ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìlú mọ̀ pé kò sí ohun jẹ́ẹ́jẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Sùlè fẹ́ràn ẹ̀wù dídán, ó fẹ́ràn iná aláwọ̀ mèremère, ó sì fẹ́ràn Sùlè. Bí wọ́n bá yà á ní fọ́tò níbi tí irun rẹ̀ ò ti jókòó dáadáa, kì í jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sùlè àti Tàwàkálítù jọ lọ sọ́dọ̀ Sàbítù ní àdúgbò Belleville. Àlòkù ọjà ilẹ̀ òyìnbó ni Sàbítù ń tà: fìríìjì, kẹ̀kẹ́, àga oníkọ́tọ̀nù, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí ẹnì kan ti kú lórí rẹ̀ dájúdájú. Bátírì méjì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èkíní, ike líle ni, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ènìyàn lè rí ògiri láti inú rẹ̀. Èkejì, igi ni, àwọ̀ oyin, kò sì ní nǹkan ṣekárími kankan lára.

"Èyí, akirilíìkì," ni Sàbítù wí, ó gbá onígíláàsì náà pẹ̀ẹ́. "Òjò ò ràn án, oòrùn ò ràn án. Bí ẹ bá lù ú níbí, wọ́n á gbọ́ ọ nílùú Katiola lọ́hùn-ún. Èyí, igi érábù, igi ilẹ̀ òtútù. Òun ò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń gbóná lára bí aṣọ."

Sùlè ò gbọ́ nǹkan kan nípa igi. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú ti gíláàsì, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Tàntí Tàwà, ẹ ò rí i? Bí mo bá ki iná sínú ẹ̀!"

Tàwàkálítù ti ta ike fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ nípa ike. Ó mọ̀ pé ike a máa sán. Ó mọ̀ pé bí ẹrù wúwo bá já lé e, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń là. Ó kan ìlù gíláàsì náà pẹ̀lú ìka bó ṣe máa ń kan bàsíà kí oníbàárà tó gbé e, ó kan ti igi, ó jókòó sí èkíní, ó lù ú, ó jókòó sí èkejì, ó lù ú. Sàbítù bojú jẹ́ nígbà tó ń lu àkọ́kọ́, ó sì mi orí pé ó dára nígbà tó ń lu èkejì. Ohun tó ya Tàwàkálítù lẹ́nu ni pé ti gíláàsì, tí wọ́n ní yóò dé Katiola, kò pariwo létí òun. Ó tutù pẹ̀sẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sàbítù ní, "Ẹ gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ṣeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó, ó yẹ kó rí i tó ń gbálẹ̀."

Ti gíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, lọ sí ibi ìgbéyàwó kan ní Ahougnansou. Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, tí abẹ́ bàáṣì tí wọ́n ta bo ojú oòrùn ti ń ṣókùnkùn díẹ̀, Sùlè ki gúlóòbù pupa sínú ìlù ńlá ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí nípa ìlù ńlá yẹn. Bí nǹkan kan ò bá sí nínú rẹ̀, á máa dún wọ̀ọ̀ bí kòǹga. Gbogbo onílù ló máa ń ki àkísà tàbí ìrọ̀rí sí i kí ohùn lè ṣe gbì kó sì dákẹ́. Ohun tí Tàwàkálítù máa ń kì sí ti tirẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ó fà á yọ lábẹ́ táyà Alhaji, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó sì kì í sínú ti gíláàsì yìí láìronú, bí ènìyàn ṣe ń ki ọwọ́ bọ àpò. Ó gbàgbé pé ìlù yìí kì í pa àṣírí mọ́.

Ohun náà, ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ni.

Àmọ̀sù ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Ènìyàn kúkurú, onírẹ̀lẹ̀, tí kò ní àbùkù kankan ju pé kì í lè ju aṣọ tó ṣẹ́kù nù. Lọ́dún kan, ó fi aṣọ fèrèsé tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà ran ṣòkòtò fún ọdún Iléyá. Aṣọ náà pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá ya ọ̀pẹ òyìnbó aláwọ̀ ọsàn tó tóbi tó orí ọmọdé sí gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó kan wà ní ìdí gan-an. Tàwàkálítù bá a rìn lọ sí yídì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé, ó fọ ṣòkòtò náà, ó sá a, ṣòkòtò náà ò sì wọlé mọ́. "Olè ni," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. Àmọ̀sù ronú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì parí rẹ̀ sí pé Àwáàlù aládùúgbò wọn ni, torí pé Àwáàlù nìkan ló ti yin ṣòkòtò náà rí. Láti ọjọ́ yẹn, Àmọ̀sù ò kí Àwáàlù mọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Wọ́n jọ ń kírun nínú sàfù kan náà, wọ́n ń kí málékà ọ̀tún àti tòsì, wọn ò kí ara wọn.

Àwọn méjèèjì ló wà níbi ìgbéyàwó náà.

Sùlè tan gúlóòbù. Ìlù náà mọ́lẹ̀ yòò. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ohun tí wọ́n gbé sínú gíláàsì kí àwọn àlejò lè wá wò ó, ṣòkòtò náà tàn, ọ̀pẹ òyìnbó tìdí sì kọjú sí gbogbo ìjọ. Bí Tàwàkálítù ṣe ń tẹ ìlù, bẹ́ẹ̀ ni ṣòkòtò ń mì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń jó.

Àwáàlù ló kọ́kọ́ dìde. Ó nàka. Àmọ̀sù tẹ̀ lé ìka náà, ó sún mọ́ ìlù, ó tẹ̀ ba, ó fi imú kan gíláàsì.

"Ìyá Azeezah! Kí ni mò ń wò yìí?"

Tàwàkálítù wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró o; onílù gidi kì í dá eré dúró. Ó kàn sọ pé, "Bàbá Azeezah, ẹ jẹ́ kí orin yìí parí ná."

Orin náà pẹ́ kó tó parí, torí pé Tàwàkálítù ò jẹ́ kó parí. Nígbà tó dákẹ́ tán, Àwáàlù ti di ọkùnrin tó ń rìn káàkiri abẹ́ bàáṣì, tó ń di ọwọ́ ènìyàn mú, tó ń sọ pé, "Ọdún mọ́kànlá! Ṣé ẹ gbọ́? Ọdún mọ́kànlá ló fi pè mí lólè ọ̀pẹ òyìnbó!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ̀sù lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì padà sílé láìdúró de ìyàwó rẹ̀.

Nínú gbogbo ìrúkèrúdò yìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Tàwàkálítù ò kíyè sí. Àwọn àgbà ti gbé àga wọn sẹ́yìn láti orin kejì. Ìyá ìyàwó fi owú dí etí. Sùlè yíjú sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń tẹ ọwọ́ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, pé kó dín in kù. Tàwàkálítù rò pé ó ń jó ni.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń ta àtìẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ fún un pé, "Tàntí, ìlù yín àná, ńṣe ló ń gé wa létí bí àfọ́kù ìgò." Tàwàkálítù gbà pé ìlara ni.

Wọ́n gbé ti igi lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sùlè ò ki iná kankan sí i, torí pé ibi tí iná máa gbà jáde ò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fún ní ọbẹ̀ aláìniyọ̀. Ṣùgbọ́n láti orin àkọ́kọ́, àga ò gba ìdí mọ́. Àwọn ìyá àgbà tó gbé àga sẹ́yìn lọ́jọ́sí, àwọn ló wà níwájú. Bí Tàwàkálítù bá tẹ ìlù ńlá, á gbọ́ ọ nínú ikùn, á gbọ́ ọ ní abẹ́ àga tó jókòó lé, á gùn ún ní ẹ̀yìn bí ẹ̀rín. Azeezah, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì, wà níbẹ̀, ó ń fi fóònù yà á.

Lẹ́yìn eré, Azeezah bi í pé, "Màmá, èwo lẹ máa mú?"

"Mi ò mọ̀. Ti gíláàsì yẹn ń ṣe pẹ̀lẹ́ ju èyí lọ. Èyí ló pariwo jù."

Azeezah yíjú wò ó. "Ti gíláàsì? Ló ń ṣe pẹ̀lẹ́?"

"Ṣebí èmi ni mo lù ú."

Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Nígbà tí wọ́n délé, ó fi fóònù rẹ̀ sétí ìyá rẹ̀, ó ní kó sọ ìgbà tó bá gbọ́ nǹkan. Ohùn kan dún nísàlẹ̀, Tàwàkálítù mi orí. Ohùn náà ń gòkè, ó ń mi orí. Nígbà tó yá, kò mi orí mọ́.

"O ti pa á ni?"

"Rárá, Màmá. Ó ń dún."

"Fóònù rẹ ti bàjẹ́. Gbé e fún Sùlè."

Azeezah fi ọwọ́ fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí adìyẹ wọn ti ń kó òròmọdìẹ mẹ́sàn-án kiri. "Màmá, kí làwọn wọ̀nyí ń ṣe?"

"Wọ́n ń ya ẹnu lásán. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún bàbá yín láti ọdún méjì nìyẹn, òròmọdìẹ ayé ìsinsìnyí kì í ké mọ́. Oúnjẹ àgbélẹ̀rọ yẹn ni."

Àwọn òròmọdìẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wó ilé. Azeezah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ọmọ náà ló sì jẹ́ kí Tàwàkálítù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Dókítà elétí tí wọ́n lọ rí jẹ́ ọmọkùnrin kékeré kan tó ní sùúrù. Ó fi í sínú yàrá kótópó kan, ó fi nǹkan dé e létí, ó sì ya ìlà kan sórí ìwé fún un. Ìlà náà lọ gbọọrọ bí ojú ọ̀nà, ó dé ibì kan, ó ré sínú kòtò.

"Ibi tó ti já yìí, ohùn wínníwínní òkè ni. Àwo idẹ yẹn àti ariwo ọjọ́ pípẹ́ ló jẹ ẹ́. Kì í padà, Màmá. Ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ ṣì dára. Ẹ tọ́jú rẹ̀."

Ìgbà náà ló yé e. Àwọn ohùn mímú tó ń gé àwọn ẹlòmíràn létí lára ìlù gíláàsì, òun ò gbọ́ wọn rárá. Ìyókù tó kù fún un ló ń pè ní pẹ̀lẹ́. Torí kí ó lè gbọ́, ó ti ń lù ú kíkankíkan bí ẹni tó ń lé ejò.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí ọjà. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sáàárín àwọn bàsíà, ó sì fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí báàfù ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, títí dé kọ́ọ̀pù kékeré. Báàfù dáhùn. Bàsíà dáhùn. Nígbà tó dé orí àwọn kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ń kàn wọ́n, ó ń rí i tó ń kàn wọ́n. Ó da gèlè bojú, ó sì ṣe bí ẹni tó ń sùn títí tí oníbàárà mẹ́ta fi wá tí wọ́n sì padà lọ.

Àmọ̀sù ṣì ń bínú nílé. Láti ọjọ́ ṣòkòtò, gbólóhùn méjì ló ń sọ lójúmọ́, "Oúnjẹ dà?" àti "Ó dára." Tàwàkálítù jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Àmọ̀sù dá ẹ̀rọ dúró. "Ṣé ohun tí kì í jẹ́ kí o dá mi lóhùn nìyẹn, bí mo bá ń pè ọ́ láti yàrá?"

Ó lè parọ́. Àyè wà láti parọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Rárá. Ìyẹn, mo máa ń gbọ́ yín. N kì í kàn fẹ́ dìde ni."

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu Àmọ̀sù kó tó lè dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, tó ń nu omi ojú, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà àti èyí tí kì í ṣe. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì gbé ọwọ́ náà sórí itan rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí Azeezah ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹgbẹ́. Èyí ló ń bà á lẹ́rù jù. Onílù adití, ta ló fẹ́? Ìlú kún fún àwọn ọ̀dọ́ onílù ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lè lu bátírì láti òwúrọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́ láìbéèrè ju mínírà lọ. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Sùlè fún ìdánrawò, Sùlè ti tẹ fọ́tò ìlù gíláàsì náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà níwájú nínú fọ́tò náà.

"Ó ti parí, Tàntí. Ti gíláàsì la ń mú."

"Sùlè, etí mi ti ń lọ."

"Ẹ ní?"

"Mo ní etí mi ti ń lọ! Èwo ni adití nínú àwa méjèèjì?" Ó sì ṣàlàyé: òròmọdìẹ, yàrá kótópó, ìlà tó ré sínú kòtò.

Sùlè gbé gìtá kalẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ọmọ tí wọ́n dá láre lẹ́yìn tó ti jẹ ìyà tán.

"Torí náà, gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún yín pé kí ẹ dín in kù… ní ọdún méjì…"

"Mo rò pé o ń jó ni."

"Mo rò pé ẹ ń rí mi fín ni! Mo ti fẹjọ́ yín sun Bàbá Azeezah lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé Tàntí Tàwà kórìíra mi!" Ọ̀rọ̀ mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn. "Ẹ dúró ná. Ohùn òkè mi ńkọ́? Èyí tí mo máa ń fi parí orin, tí àwọn obìnrin máa ń kígbe sí?"

Tàwàkálítù wo ilẹ̀. "Mo rò pé ohùn rẹ ti lọ ni, Sùlè. Mo rò pé o kàn ń ya ẹnu kí wọ́n má bàa mọ̀. Àánú rẹ ló ń ṣe mí. Ìdí tí mo fi ń lù ú kíkan níbẹ̀ nìyẹn, kí n bá ọ bò ó."

Gbogbo ẹgbẹ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹni tó ń fun fèrè ní láti jáde síta. Sùlè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò rọrùn fún un láti gbọ́ pé ọdún méjì ni wọ́n ti fi ń ṣàánú òun. Lẹ́yìn náà, òun náà bẹ̀rẹ̀.

"Ti igi ni mo fẹ́," ni Tàwàkálítù wí nígbà tí wọ́n dákẹ́. "Òun ni mo ń gbọ́. Mo ń gbọ́ ọ ní ikùn. Bí mo bá jókòó sí ti gíláàsì, màá lù ú títí èyí tó kù á fi lọ, etí tiyín náà á sì bá a lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ti gíláàsì dandan, ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò ní bínú." Irọ́ ni gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀.

Sùlè wo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní, "Tàntí, ta ni mo fẹ́ wá? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í bo ènìyàn láṣìírí."

Wọ́n pe Alhaji Tàjúdínì lórí fóònù. Sùlè sọ fún un pé ti érábù ni wọ́n yàn.

"Ti Arábù?" ni Alhaji wí.

"Érábù, Alhaji."

"Mo gbọ́. Ìlù Arábù! Ṣé láti Saudi ló ti wá?"

Sùlè ya ẹnu láti tún un ṣe. Tàwàkálítù, tí ohùn ńlá Alhaji ò ṣòro fún rárá láti gbọ́, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, Alhaji," ló sọ. "Ọlọ́run á san án fún yín."

Owó ìlù náà dé ọwọ́ Sàbítù kí wọ́n tó kírun Àsárì. Alhaji sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé òun ra ìlù igi ilẹ̀ Lárúbáwá fún àwọn eléré, kò sì sí alfa kankan tó tún rí nǹkan sọ nípa obìnrin tó ń lu bátírì. Àwọn kan tilẹ̀ fọwọ́ kan ìlù náà, wọ́n fọwọ́ pa ojú.

Sàbítù ta ti gíláàsì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Belleville, níbi tí Israel, ọ̀dọ́ onílù wọn, ti ń lù ú títí di òní, tí àwọn aládùúgbò sì ń gbàdúrà kíkankíkan ju àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Kì í ṣe pé igi náà ò ní ìyọnu. Nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, igi náà sún kì, awọ ike ojú ìlù náà dẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, Tàwàkálítù ò sì lè fi etí mọ ibi tó ti dẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Azeezah ló wá bá a ṣe é: ìyá á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ìlù, á máa gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, ọmọ á máa sọ fún un bóyá ó ti gòkè jù. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì jà lẹ́ẹ̀mejì. Tàwàkálítù ń ki nǹkan dí etí báyìí, ike rírọ̀ tí dókítà fún un, ó sì ti sọ fún dókítà náà pé òun ti ta ike fún ọgbọ̀n ọdún, òun ò rí èyí tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Sùlè ti kọ́ láti yíjú sí i kó tó fún un ní àmì. Nígbà tó bá fẹ́ gbé ohùn òkè rẹ̀ jáde, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, Tàwàkálítù á sì dín ìlù kù fún un, kí àwọn obìnrin lè rí i gbọ́ kí wọ́n sì kígbe.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣeré níbi ìgbéyàwó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ìyá àgbà kan tó ń jó pẹ̀lú ọ̀pá wá bá a lẹ́yìn eré, ó dúró tì í, ó sọ nǹkan kan wínníwínní sí i létí. Tàwàkálítù ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Ìyá àgbà náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì tún un sọ kíkan: "Mo ní, níbo ni ilé ìyàgbẹ́ wà?"